Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà: Bí Owó Kírípítò Ṣe Ń Rìn Lórí Ọ̀nà Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn aṣojú òṣìṣẹ́ sọ níbi ìpàdé oṣooṣù ẹ̀ka wa

 

Akọ̀wé ló ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí owó kírípítò. Kì í ṣe pé mo kàwé lórí rẹ̀. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mo sì fi ilé ẹ̀kọ́ alẹ́ kún un. Ohun tí mo mọ̀ ni èyí tí mo fi owó kékeré dán wò lórí fóònù mi, àti èyí tí mo bi àwọn tó mọ̀ ọ́n léèrè. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wọ àárín wa débi pé a kò lè dákẹ́ mọ́. Àwọn dírẹ́bà wa kan ń gba owó lórí rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn ẹbí wọn tó wà lókè òkun. Àwọn ọ̀dọ́ inú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní kí a kó díẹ̀ nínú owó wa sínú rẹ̀ kí náírà má bàa jẹ ẹ́ run. Èyí tó wá mú ọ̀rọ̀ náà gbóná ni ti agbaṣẹ́ṣe kan tó ń kó àwọn òṣìṣẹ́ kásúà wá sí ilé iṣẹ́ wa. Ó ti ń sọ fún wọn pé láìpẹ́, dọ́là orí fóònù ni òun yóò máa fi san owó iṣẹ́ wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta nìyẹn. Èyí tó gbẹ̀yìn ni mo fẹ́ fi kádìí.

Ìbéèrè tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń bi mí ni pé, ṣé kírípítò dára àbí kò dára? Ìbéèrè yẹn dà bí ìgbà tí ẹnì kan bá ní, ṣé ọkọ̀ dára? Ẹ̀yin onímọ́tò á bi í pé ọkọ̀ wo, ibo ló ń lọ, èló ni wọ́n ń gbà, ta la sì máa mú bó bá dá wa sọ́nà? Láti Èkó dé Ìbàdàn, ènìyàn lè wọ bọ́ọ̀sì lórí títì márosẹ̀, ó sì lè wọ ọkọ̀ ojú irin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021. Èrò kan náà ni, Ìbàdàn kan náà ni. Ṣùgbọ́n Abẹ́òkúta ni ọkọ̀ ojú irin gbà kọjá, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀ ní Mowe kò gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Bí owó kírípítò ṣe rí gan-an nìyẹn. Orúkọ owó nìkan ni àwọn ènìyàn ń bèèrè, wọn kì í bèèrè ọ̀nà tó ń gbà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà yẹn ló ń jẹ òṣìṣẹ́ lówó.

ÌWÉ TÍ GBOGBO ÈNÌYÀN MÚ LỌ́WỌ́

Gbogbo wa la mọ èsúsú. Ẹnì kan ló ń mú ìwé, òun ló ń kọ ẹni tó san àti ẹni tí kò san, òun náà ló sì lè kó owó sá lọ. Ní October 31, 2008, ẹnì kan, tàbí àwọn kan, tó pe ara rẹ̀ ní Satoshi Nakamoto, tí a kò mọ ẹni tó jẹ́ títí di òní, gbé ìwé kékeré kan jáde. Ohun tó sọ níbẹ̀ ni pé kí á má fi ìwé owó sọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo mọ́. Kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ káàkiri ayé mú ẹ̀dà kan náà lọ́wọ́, kí wọ́n jọ máa kọ ọ́, kó má sí ẹni tó lè dá pa ìlà kan rẹ́. Ní January 3, 2009 ni wọ́n ṣí ojú ewé kìíní. Bitcoin nìyẹn. Àwọn mìíràn tẹ̀lé e, olúkúlùkù pẹ̀lú ìwé tirẹ̀ àti òfin tirẹ̀. Ìwé kọ̀ọ̀kan yìí ni wọ́n ń pè ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ọ̀nà ni èmi yóò máa pè é.

Kò sí ọ̀nà kankan nínú wọn tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Ìyẹn kì í ṣe ohun tuntun fún Yorùbá. Nígbà tí owó ẹyọ là ń ná, ogójì ẹyọ ni okùn kan, àádọ́ta okùn ni ẹgbàá, ẹgbàá mẹ́wàá sì ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹrù orí ni ọ̀kẹ́ kan. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e lọ sọ́jà tó jìnnà ní láti yọ owó alárù kúrò nínú owó náà. Ohun tí wọ́n ń pè ní fíì lórí fóònù lónìí, owó alárù náà ni, ìdí nìyẹn tí n ó fi máa pè é bẹ́ẹ̀.

Ìwé Bitcoin máa ń ṣí ojú ewé tuntun ní bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá, ojú ewé náà kò sì fẹ̀. Bí àwọn tó fẹ́ fi owó ránṣẹ́ bá pọ̀, ẹni tó bá fi owó alárù tó pọ̀ jù lélẹ̀ ni wọ́n máa kọ́kọ́ kọ, àwọn yòókù á máa dúró bí èrò tó ń dúró de mọ́tò ní Òṣòdì nígbà tí òjò bá rọ̀. Ẹ sì ṣàkíyèsí pé owó alárù yẹn kò wo bí owó tí ẹ ń fi ránṣẹ́ ṣe tó. Ẹni tó fi mílíọ̀nù kan dọ́là ránṣẹ́ àti ẹni tó fi dọ́là mẹ́wàá ránṣẹ́ lè san iye kan náà. Olówó ni ìyẹn dára fún. Ní April 20, 2024, èrò pọ̀ lórí ọ̀nà náà débi pé owó alárù ju 100 dọ́là lọ ní ìpíndọ́gba, lórí ìfiránṣẹ́ kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ mìíràn ó lè máà tó dọ́là kan. Ta ló lè fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣètò owó gaàrí?

Àwọn tó ń lo Bitcoin náà rí ìṣòro yìí. Ní 2015, àwọn ọkùnrin méjì, Joseph Poon àti Thaddeus Dryja, kọ ètò kan tó ń jẹ́ Lightning, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí lò ó ní 2018. Ẹ jẹ́ kí n fi ìyá olóúnjẹ ẹnu géètì wa ṣàpèjúwe rẹ̀. Ká ní mo fi owó kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá níbẹ̀rẹ̀ oṣù. Lójoojúmọ́ tí mo bá jẹun, a ó kàn kọ ọ́ sínú ìwé kékeré àárín èmi àti ìyá. Ìgbà tí oṣù bá parí la tó lọ kọ àròpọ̀ rẹ̀ sínú ìwé ńlá. Báyìí ni Lightning ṣe ń ṣe é. Ó yá kánmọ́kánmọ́, owó alárù rẹ̀ kò tó nǹkan, ó sì wúlò fún rírà nǹkan kéékèèké. Ṣùgbọ́n ìyá olóúnjẹ náà ní láti ní i lórí fóònù rẹ̀, ìyá wa kò sì ní i. Àtàrí ọ̀rọ̀ nìyẹn.

Ìjọba El Salvador ní Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà gbìyànjú láti fi tipátipá ṣe é. Ní September 2021 wọ́n sọ Bitcoin di owó òfin, wọ́n ní kí ọlọ́jà máa gbà á, wọ́n sì fi 30 dọ́là fún àwọn ará ìlú tó bá gba áàpù ìjọba sórí fóònù. Ọ̀pọ̀ ló ná 30 dọ́là yẹn tán, tí wọ́n sì padà sí owó tí wọ́n mọ̀. Ní January 2025, ìjọba kan náà tún òfin ṣe, dandan kò sí mọ́.

Yàtọ̀ sí èyí, iye Bitcoin kì í dúró sójú kan. Ní November 2021, ẹyọ kan rẹ̀ tó bíi 69,000 dọ́là. Ní November 2022, kò tó 16,000 mọ́. Lóòótọ́ ó tún gòkè, ó kọjá 100,000 ní December 2024. Ṣùgbọ́n owó ilé ìwé ọmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni fún ọdún méjì.

DỌ́LÀ KAN, Ọ̀NÀ PÚPỌ̀

Nítorí ìgòkè-sọ̀kalẹ̀ yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Nàìjíríà kì í fi í lo Bitcoin fún ìnáwó. Dọ́là orí fóònù ni wọ́n ń lò, èyí tó wọ́pọ̀ jù ni USDT, tí ilé iṣẹ́ Tether bẹ̀rẹ̀ ní 2014. Ilé iṣẹ́ náà sọ pé dọ́là kan ń bẹ lẹ́yìn kọ́ìnì kọ̀ọ̀kan. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ tẹ́tí sí jù, nítorí pé USDT kò ní ọ̀nà tirẹ̀. Lórí ọ̀nà àwọn ẹlòmíràn ló ń rìn: Ethereum, Tron, BNB, Solana, àti àwọn mìíràn. Orúkọ kan náà, iye kan náà, ṣùgbọ́n ọ̀nà wọn kò papọ̀.

Ethereum bẹ̀rẹ̀ ní July 2015. Ìṣẹ́jú àáyá méjìlá méjìlá ló ń ṣí ojú ewé. Ọ̀nà ńlá ni, àwọn olówó ńlá ló sì ń rìn níbẹ̀. Ní 2021, kò ṣòro kí wọ́n gba ju dọ́là mẹ́wàá lọ lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fi ogún dọ́là ránṣẹ́. Owó alárù náà ti wálẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà yẹn, wọ́n sì ti la àwọn ọ̀nà kéékèèké sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, irú Base àti Arbitrum, tó dínwó jù ú lọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí èrò bá pọ̀, ó tún ń gòkè. Ohun kan tí mo gbóríyìn fún lórí rẹ̀ ni pé ní September 2022 wọ́n yí ìlànà ìkọ̀wé padà, iná mànàmáná tó ń jẹ sì dín kù ju 99 nínú 100 lọ. Bitcoin kò tíì ṣe bẹ́ẹ̀.

Tron ni ọ̀nà tí ẹ máa bá pàdé jù láàárín àwọn tó ń ra dọ́là orí fóònù tí wọ́n sì ń tà á níbí. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta mẹ́ta ló ń ṣí ojú ewé, aṣojú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré ló sì ń kọ ìwé náà. Ó yá, ọjà rẹ̀ sì wà káàkiri. Ṣùgbọ́n ó ní ọgbọ́n kan tó máa ń mú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Owó tirẹ̀, tí wọ́n ń pè ní TRX, ni wọ́n fi ń san owó alárù. Bí ẹ bá ní 100 USDT nínú àpò yín lórí fóònù, tí ẹ kò ní TRX kankan, 100 náà kò ní mì. Bí ẹni pé mọ́tò yín wà lójú títì pẹ̀lú ẹrù nínú rẹ̀, kò sì sí epo. Bí ẹni tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí kò bá ní USDT lọ́wọ́ rárá, owó alárù náà lè di ìlọ́po méjì. Ó ti lé ní dọ́là kan lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì ti ju méjì lọ nígbà mìíràn, kí wọ́n tó dín in kù ju ìdajì lọ ní August 2025.

Ọ̀nà BNB, tí ilé iṣẹ́ Binance dá sílẹ̀ ní 2020, dínwó, ó sì yá. Solana náà bẹ̀rẹ̀ ní 2020. Òun ló dínwó jù nínú èyí tí mo fọwọ́ kàn, owó alárù rẹ̀ kì í sábà tó sẹ́ńtì kan. Àmọ́ṣá, ọ̀nà náà ti dí pátápátá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Ní February 6, 2024, ó dúró fún bíi wákàtí márùn-ún, kò sí ẹni tó lè gba ibẹ̀ fi nǹkan ránṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn lẹ wà lákòókò yẹn ńkọ́?

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ọ̀kan nínú àwọn dírẹ́bà tírélà wa, tí n kò ní dárúkọ nítorí ó jókòó síbí, àbúrò rẹ̀ ní London fẹ́ fi 150 dọ́là ránṣẹ́ sí i kó fi ra táyà. Bùrọ̀dá wa da àdírẹ́sì orí áàpù rẹ̀ kọ, ó fi í ránṣẹ́. Àdírẹ́sì Ethereum ni. Àbúrò rí i pé ọ̀nà BNB dínwó, ó yan ìyẹn. Nítorí pé 0x ni àdírẹ́sì ọ̀nà méjèèjì fi ń bẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì jọra bí ìbejì, fóònù kò kìlọ̀ fún un. Owó lọ. Ó dé orí ìwé BNB lóòótọ́, gbogbo ayé ló lè rí i níbẹ̀ títí di òní. Ṣùgbọ́n ilé pàṣípààrọ̀ owó tí bùrọ̀dá ń lò kì í gba USDT láti ọ̀nà yẹn. Ọ̀sẹ̀ méje ló fi kọ̀wé sí wọn. Nígbà tí wọ́n dá a lóhùn, wọ́n yọ owó iṣẹ́ tiwọn kí wọ́n tó fún un ní ìyókù. Táyà ti bẹ́ kó tó dìgbà náà.

Ká ní àdírẹ́sì Tron ni, tó fi T bẹ̀rẹ̀, fóònù àbúrò ìbá kọ̀ ọ́. Ká sì ní àpò tí bùrọ̀dá mú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ni, ìyẹn èyí tó ní ọ̀rọ̀ àṣírí 12 tàbí 24, ìbá kàn ṣí ojú BNB lórí áàpù náà, ìbá sì bá owó rẹ̀ níbẹ̀. Ẹ wá wo bó ti rí: ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ ilé pàṣípààrọ̀, ẹ ó máa bẹ̀bẹ̀, ẹ mú un lọ́wọ́ ara yín, bí ìwé tí ẹ kọ ọ́ sí bá sọnù, kò sí ẹni tó lè bá yín wá a. Àwọn tó fi owó wọn sọ́dọ̀ FTX, ilé pàṣípààrọ̀ ńlá tó wó lulẹ̀ ní November 2022, lè ròyìn apá kìíní fún yín.

Àwọn olè náà ti mọ àwọn ọ̀nà wọ̀nyí dáadáa. Wọ́n á fi owó tí kò tó nǹkan ránṣẹ́ sí yín láti àdírẹ́sì tí ìbẹ̀rẹ̀ àti ìparí rẹ̀ jọ ti ẹni tí ẹ ń bá dòwò pọ̀, kí ẹ lè da tiwọn kọ lọ́jọ́ mìíràn. Ẹ má da àdírẹ́sì kọ láti inú ìtàn ìfiránṣẹ́. Ẹ gbà á lọ́wọ́ ẹni náà, kí ẹ sì kọ́kọ́ fi dọ́là kan ránṣẹ́ kó dé kí ẹ tó fi ìyókù tẹ̀lé e, kódà bí ó bá tún gba owó alárù kan sí i. Bí ẹ bá ń ta dọ́là fún ẹni tí ẹ kò mọ̀, ẹ má wo àláàtì tó wọlé sórí fóònù. Inú àkáǹtì báǹkì gan-an ni kí ẹ wò, kí orúkọ tó fi owó ránṣẹ́ sì jẹ́ ti ẹni tí ẹ ń bá ṣòwò. Owó olè tó bá gba àkáǹtì yín kọjá lè mú kí báǹkì ti àkáǹtì náà pa.

BÁǸKÌ ŃKỌ́?

Ẹni tó bá ń fẹ́ kí n bú báǹkì, mo lè bú wọn. Gbogbo wa la rántí February 2023, nígbà tí náírà tuntun kò sí, tí fífi owó ránṣẹ́ lórí fóònù kò lọ, tí òṣìṣẹ́ tó ní owó nínú àkáǹtì fẹsẹ̀ rìn délé. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ṣe ìdájọ́ tó tọ́. Láti 2011 ni ètò kan ti wà nílẹ̀ wa tó ń gbé owó láti báǹkì kan sí òmíràn lójú ẹsẹ̀. Owó alárù rẹ̀ jẹ́ ₦10 fún owó tí kò ju ₦5,000 lọ, ₦25 títí dé ₦50,000, ₦50 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ₦50 ti ìjọba kún un bí owó náà bá tó ₦10,000. Ọ̀nà Tron kì í sábà lè gbé owó mẹ́káníìkì láti Agége dé Ìkòròdú ní iye yẹn. Solana lè ṣe é, ṣùgbọ́n mẹ́káníìkì náà gbọ́dọ̀ tún tà á kó tó lè ra ẹja. Bí ẹ bá sì ṣi àkáǹtì kọ, ẹnì kan wà ní báǹkì tí ẹ lè lọ bá. Ó lè ṣòro, ó lè pẹ́, ṣùgbọ́n ó ní ojú. Lórí ọ̀nà kírípítò, ẹni tó gbé e lọ sí àdírẹ́sì àjèjì ti gbé e lọ nìyẹn.

Níbi tí kírípítò ti ń ṣe báǹkì léèmọ̀ ni owó tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ní 2023, Báǹkì Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé fífi 200 dọ́là ránṣẹ́ sí apá Áfíríkà tiwa yìí ń jẹ bíi 8 nínú 100, ìyẹn bíi dọ́là mẹ́rìndínlógún. Ọ̀nà Tron tàbí Solana lè gbé 200 náà dé ní owó tó kéré sí ìyẹn gan-an, àfi ohun tí ẹ bá tún pàdánù nígbà tí ẹ bá ń sọ ọ́ di náírà. Nítorí náà n kò ní sọ fún dírẹ́bà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà ní Houston pé kó má gbà á. Ohun tí mo máa sọ ni pé kí àwọn méjèèjì fẹnu kò sórí ọ̀nà kan ṣoṣo, kí wọ́n kọ orúkọ ọ̀nà náà mọ́ àdírẹ́sì ní gbogbo ìgbà, kí wọ́n má sì yà kúrò lórí rẹ̀ nítorí sẹ́ńtì mélòó kan.

Mo wá kan àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Ẹ̀rù tó ń bà wọ́n kì í ṣe àsọdùn. Ní May 2023, dọ́là kan ń lọ ní bíi ₦460 ní ọjà ìjọba. Kí February 2024 tó parí, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó tọ́jú náírà láàárín ìgbà yẹn rí ohun tójú rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n owó ẹgbẹ́ kì í ṣe owó ẹnì kan. Ta ni yóò mú ọ̀rọ̀ àṣírí mẹ́rìnlélógún lọ́wọ́? Bó bá kú ńkọ́? Wọ́n sì ń sọ fún yín pé kò sí ọ̀gá lórí rẹ̀. Fún USDT, irọ́ ni. Tether lè ti àdírẹ́sì pa, ó sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Kọ́ìnì mìíràn tí wọ́n ń pè ní UST, tí àwọn náà ní kò ní kúrò lórí dọ́là kan, wó ní May 2022, ó di sẹ́ńtì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Òfin ilẹ̀ wa náà ti yí padà ju ẹ̀ẹ̀kan lọ: ní February 2021 Báǹkì Àpapọ̀ ní kí àwọn báǹkì ti àkáǹtì àwọn oníkírípítò pa, ní December 2023 wọ́n gba àwọn báǹkì láyè padà, ní 2025 òfin tuntun fi í sábẹ́ àjọ tó ń bójú tó ọjà ìdókòwò. Ẹni tó bá fẹ́ fi owó ara rẹ̀ tọ́jú dọ́là, kó ṣe é. Owó tí opó ọmọ ẹgbẹ́ wa yóò wá gbà, ẹ jẹ́ kó wà níbi tí a ti lè fi ìwé bá ẹnì kan ṣẹjọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé CBEX ní April 2025. Àwọn ènìyàn kò lè gba owó wọn jáde mọ́, inú sì bí wọn débi pé wọ́n ya wọ ọ́fíìsì rẹ̀ ní Ìbàdàn, wọ́n kó àga. Kì í ṣe ọ̀nà ló jalè níbẹ̀. Ẹni tó ní òun yóò sọ owó di ìlọ́po méjì lóṣù kan ni. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè gba ọ̀nà èyíkéyìí wá.

OWÓ IṢẸ́ WA

Ó wá kù agbaṣẹ́ṣe. Ó ní dọ́là ni òun yóò san, pé àwọn kásúà ni yóò jèrè. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti July 2024, owó oṣù tó kéré jù lọ nínú òfin ni ₦70,000. Ká ní dọ́là kan jẹ́ ₦1,500, ìyẹn kò pé 47 dọ́là. Kásúà náà gbọ́dọ̀ gbé e lọ fún ẹni tó máa rà á: ká ní owó alárù rẹ̀ jẹ́ dọ́là kan, ₦1,500 nìyẹn. Ẹni tó ń rà á náà á fi bíi ₦20 dín iye rẹ̀ kù lórí dọ́là kọ̀ọ̀kan kó lè rí èrè tirẹ̀, ó ti ju ₦900 lọ. Àròpọ̀ rẹ̀ ju ₦2,400 lọ lóṣù, ju ₦28,000 lọ lọ́dún. Agbaṣẹ́ṣe ìbá san ₦50 sí báǹkì. Èrè ta ni? Bí ó bá sì ṣi àdírẹ́sì kọ lọ́jọ́ owó oṣù, á ní òun ti san, á fi ìwé hàn yín lórí fóònù, òótọ́ sì ni yóò jẹ́ pé owó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Kì í ṣe òun ló kọ́kọ́ dá irú ọgbọ́n yìí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láyé ọjọ́un, àwọn onílé iṣẹ́ kan máa ń fi ọjà tàbí kọ́ìnì tí wọ́n rọ fúnra wọn san owó iṣẹ́. Ilé ìtajà ọ̀gá nìkan ni òṣìṣẹ́ ti lè ná an, iye tó wu ọ̀gá ló sì ń ta ìyẹ̀fun níbẹ̀. Ní 1831 ni wọ́n ṣe òfin pé owó ìlú gan-an ni kí wọ́n máa san. Tiwa náà wà nílẹ̀. Abala kìíní nínú Òfin Iṣẹ́ Nàìjíríà sọ pé owó òfin ilẹ̀ yìí ni kí wọ́n fi san owó iṣẹ́. Náírà ni owó òfin. Àjọ ìdókòwò tó gba kírípítò sábẹ́ ara rẹ̀ ní 2025 gbà á bí ohun ìdókòwò, kò sọ ọ́ di owó òfin.

Àwọn kan lára yín á ní kásúà kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wa. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe, ẹ̀rọ kan náà la sì jọ ń tì. Ohun tí wọ́n bá kọ́kọ́ dán wò lára wọn, tiwa ni wọ́n máa kàn.

Nítorí náà mo mú àbá yìí wá, akọ̀wé sì ti kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ẹ̀ka wa kọ̀wé sí àwọn aláṣẹ ilé iṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, pé a kò fara mọ́ kí agbaṣẹ́ṣe kankan nínú ọgbà yìí fi ohun mìíràn yàtọ̀ sí náírà san owó iṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí owó ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù dúró níbi tó wà. Kí a sì ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ àárọ̀, tí àwọn ọ̀dọ́ wa tó mọ̀ ọ́n yóò fi fóònù hàn àwọn dírẹ́bà bí a ṣe ń mọ ọ̀nà Tron yàtọ̀ sí ti BNB àti Ethereum, lọ́fẹ̀ẹ́, láìgba owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ tún àbá náà ṣe, kó nawọ́ sókè kí a tó dìbò.